Apá Kejì Ẹ̀jẹ̀ Abẹ́ Ẹní

Ẹni tí kò bá tíì wo apá kejì Ẹ̀jẹ̀ Abẹ́ Ẹní, kò tíì rí ẹ̀jẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi níhìn-ín títí ó fi sú wọn. Wọ́n á gbé fíìmù òyìnbó síwájú mi, èyí tí wọ́n ti ń fi ayùn gé ènìyàn bí ẹni ń la pákó, wọ́n á ní, "Bàbá, èyí ńkọ́?" Màá wò ó tán, màá ní ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò ní òórùn. Ti apá kejì tí mo ń wí yìí, bí o bá jókòó síwájú, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bo imú.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára wa ni. Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí kò fẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n Oǹdó ni ilé mi, ní àdúgbò Ọ̀kà, mo sì máa ń lọ sílé láwọn òpin ọ̀sẹ̀ kan. Fídíò ló gbòde nígbà náà. Tìjání, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. Aṣọ ló ń tà níwájú. Ó to bẹ́ǹṣì sẹ́yìn, ó gbé tẹlifíṣọ̀n kan tó tóbi bí àpótí òkú lé orí tábìlì, ó ní ká máa wọlé wá wòran. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú kì í sì í tì mí láti jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, kí n máa jẹ ẹ̀pà, kí n máa wo bí orí ṣe ń já.

Ní apá kìíní, àwọn ẹbí kan pa ọmọ ìyá wọn nítorí oko kòkó, wọ́n sin ín sínú ilé, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n sì ń sùn lórí rẹ̀. Ó dìde, ó gbé àdá, ó ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló dùn, àfi obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó sunkún ọmọ rẹ̀. Itọ́ ló fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. A rí i níbi tó ti ń tu ú sọ́wọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ̀rín mú kí bẹ́ǹṣì máa mì. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Mọ́mì, ẹ fi àlùbọ́sà kún un!"

Ọládélé, ọmọ Àkúrẹ́ tó ṣe fíìmù náà, jókòó sáàárín wa lọ́jọ́ náà. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ ẹ̀rín náà látòkèdélẹ̀, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ kọjá ohun tó ṣeé sọ.

Ọjọ́ yẹn náà ló rí Akíntóyè. Ọmọ àdúgbò wa ní Ọ̀kà ni Akíntóyè, àkọ́bí Agnes tó ń sá kòkó tà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Agnes. Rédíò ló ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Tìjání. Ó ti há apá kìíní sórí. Kí òṣèré tó lanu, Akíntóyè á ti dáhùn; kí àdá tó sọ̀ kalẹ̀, á ti mú ọrùn ara rẹ̀, á ti máa yí kiri lórí ilẹ̀. A máa ń ju èèpo ẹ̀pà lù ú kó lè jẹ́ ká gbọ́ràn.

Nígbà tí a wòran tán, Ọládélé pè é síwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Tìjání ti ń wọn aṣọ. Mo dúró níbẹ̀, mo ń dúró de òjò kó dá.

"Ìwọ, o fẹ́ kú nínú apá kejì?"

"Ẹ pa mí, ọ̀gá! Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti gé mi."

"Ọrùn ńkọ́?"

"Ẹ mú un lọ. Kí ni mo fẹ́ fi ọrùn ṣe?"

Ọládélé rẹ́rìn-ín. "Màá gé ọ lọ́rùn, kò ní sí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ìyá tó máa sunkún rẹ. N kò fẹ́ òṣèré mọ́. Ìyá rẹ ń bẹ?"

"Ó ń bẹ. Àmọ́ kò lè ṣeré, ọ̀gá. Fọ́tò lásán, bí wọ́n bá ní kó wá yà á, ṣe ló máa ń gan bí igi."

"Ta ló ní kó ṣeré?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Akíntóyè. Ó ti kọ́kọ́ yé Tìjání. Ó dá ọwọ́ dúró lórí aṣọ tó ń wọ̀n.

"Ọládélé, bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Àlááji, ẹ máa ta aṣọ yín. Bó bá sunkún tán, ọmọ á dìde, ayọ̀ á wọlé, gbogbo wa á jọ jẹun. Ẹkún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni!" Ó yíjú sí Akíntóyè. "Bí o kò bá sì fẹ́, ọmọkùnrin kan wà ní Ọ̀bà-Ilé tí òun náà fẹ́ kú. Ìyá tirẹ̀, bí adìẹ bá kú lásán, ó ń sunkún."

Akíntóyè fọwọ́ nu ẹnu. Mo rí i pé ó rò ó. Mi ò lè sọ pé kò rò ó. Ó wo tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú lọ́hùn-ún, tó ti di dúdú, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má wulẹ̀ dé Ọ̀bà-Ilé, ọ̀gá. Tèmi ló ń sunkún jù."

Ní ilẹ̀ wa, ìyá kì í rí òkú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń palẹ̀ òkú ọ̀dọ́ mọ́. Ìyá á wà nílé, àwọn obìnrin á dì í mú, wọn kò sì ní fi sàréè hàn án títí láé. Ohun tó fi Màmá Agnes lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un.

Monílọ́lá, àbúrò Akíntóyè, ló sọ ọ́ fún mi, òun náà wà nínú ọkọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí òun náà mọ nǹkan kan. Ó ní àwọn ń da kòkó sórí ẹní níwájú ilé nígbà tí dírẹ́bà Ọládélé dé. Dírẹ́bà ní ara Akíntóyè kò yá, ó ní kí àwọn máa bọ̀. Màmá Agnes gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Ó kú?"

"Rárá o, Màmá."

"Búra."

"Ara rẹ̀ kò yá ni, Màmá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń mú yín lọ."

Títí wọ́n fi kọjá afárá Ọ̀wẹnà, ojú ọ̀nà ni Màmá Agnes ń wò. Ó kàn ń fọwọ́ lọ́ etí aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, ó ní, "Moní, bu omi fún mi. Kò kú. Bó bá kú, ṣé wọ́n á máa gbé mi lọ bá a? Wèrè ló ń ṣe wọ́n ni?" Látìgbà náà, ó ti di ara rẹ̀. Ó bá dírẹ́bà jà nítorí eré àsápajúdé. Ó ní kí ọkọ̀ dúró nígbà tí wọ́n ń wọ Ìpogun, ó ra ọsàn, ó ní aláìsàn fẹ́ràn ohun kíkan. Ó ń bó ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ wọ inú oko kòkó.

Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe pa Akíntóyè, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Awọ ọrùn adìẹ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ya á ní méjì, wọ́n ki ìfun ewúrẹ́ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kó lè yọ síta. Ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n rà lọ́wọ́ alápatà láàárọ̀ ni wọ́n po mọ́ tòmátò agolo kó má baà dì kíákíá. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ igi kòkó. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tòótọ́ ni, eṣinṣin tòótọ́ dé. Wọ́n bà lé e létè, wọ́n wọ ihò imú rẹ̀, kò mira. Mo ti wo fíìmù púpọ̀. N kò tíì rí òkú tó mọ bí wọ́n ṣe ń kú tó o.

Àwọn èrò tí Ọládélé kó jọ káwọ́ lérí. Ó ti sọ fún àwọn obìnrin mẹ́ta kan pé kí wọ́n di ìyá náà mú, kó má baà fọwọ́ kan ọmọ kó mọ̀ pé ara rẹ̀ gbóná. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Màmá Agnes sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí ẹní náà. Ọsàn tú sílẹ̀.

Kò kọ́kọ́ ké. Ohun tí gbogbo Àkúrẹ́ ń tún sọ lẹ́yìn náà nìyẹn, pé kò kọ́kọ́ ké. Ó tiraka láti já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà, ó ń bẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Eṣinṣin yẹn ni mo fẹ́ lé kúrò lẹ́nu rẹ̀. Eṣinṣin yẹn nìkan."

Wọn kò fi í sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá lanu. "Ọma mi o!" Igbe náà kò jọ ohùn ènìyàn. Monílọ́lá ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó wò ó, nítorí òun kọ́ ni kámẹ́rà ń wá.

Ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ìyá náà, ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀. Ọládélé kò fẹ́ kó tán. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó dì í mú, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Obìnrin náà mi orí pé rárá. Ó tún sọ ọ́. Obìnrin náà wá tẹ̀ mọ́ etí Màmá Agnes, ó ní, "Orúkọ yín ló ń pè kó tó dákẹ́."

Bó ṣe gbọ́ ọ ló fa bùláòsì rẹ̀ ya dé ìdí, ó sì dojú bolẹ̀, ó ń fi ẹnu bu erùpẹ̀. Akíntóyè, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú, la ojú kan díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín, nígbà tí kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀: ó fẹ́ wò ó bóyá òun ni kámẹ́rà kọjú sí tàbí ìyá òun.

"Kọ́ọ̀tì!" ni Ọládélé ké, kámẹ́rà sì dúró.

Akíntóyè fò dìde. Awọ ọrùn adìẹ ń mì lọ́rùn rẹ̀. "Yèyé! Yèyé mi, ẹ wò mí! Eré ni o! Eré fíìmù ni! Yèyé, ẹ gbayì!" Gbogbo oko pàtẹ́wọ́. Ọládélé ń fò sókè bí ọmọdé.

Wọ́n gbé Màmá Agnes jókòó. Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìfun tó so rọ̀, ó wo eṣinṣin tó ṣì ń tẹ̀ lé e. Kò na ọwọ́ sí i, kò sì gbá a létí, èyí tí gbogbo wọn ń retí. Dírẹ́bà nìkan ló yíjú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi padà sílé. Mo fẹ́ lọ fá irun mi."

"Màmá ń bínú," ni Ọládélé wí. "Kò burú. Lọ́la, wọ́n á rẹ́rìn-ín."

Nígbà tí mo dé Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, orí rẹ̀ ti dán, ó wà nínú aṣọ dúdú, ó ń pín aṣọ Akíntóyè fún ará ilé. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan kàn mí. Ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo bí a ṣe ń kó sòkòtò rẹ̀ lọ.

"Yèyé, mo wà láàyè! Ẹ fọwọ́ kàn mí!"

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gbẹ́ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ kú àbẹ̀wò. Moní, gbé àga fún àlejò. Ẹ má bínú pé ilé rí báyìí, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìyá òun ń san án fún òun ni. Ó jókòó, wọ́n gbé omi fún un nínú ife àlejò. Ó mu ún tán, ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá, ó sì sìn ín dé ojú títì.

Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá. Èmi náà sọ tèmi. Mo ní, "Agnes, ọmọ kan náà yìí lo bí. Ó ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú."

Ó ń fọwọ́ tú kòkó ká lórí ẹní, kò gbójú sókè. "Ẹkún tí mo sun ní Ìpogun, ta ni mo sun ún fún?"

Mo lóṣòó, mo ń bá a tú kòkó náà ká.

"Mo rí òkú ọmọ mi, ohun tí ìyá kì í rí. Mo sunkún òkú, ẹkún òkú kì í ṣòfò. Bí mo bá pe ẹni yìí lọ́mọ, tí mo bu oúnjẹ fún un, ẹkún yẹn á máa wá òkú tirẹ̀ kiri. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ó ti rí i."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ó dùn mọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló bèèrè lọ́wọ́ mi níjọ́sí?"

Fíìmù jáde lẹ́yìn ọdún Kérésì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kò lè mọ bí ọjọ́ náà ti rí. Àwọn èèyàn gun ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù Tìjání, wọ́n fi orí há ojú fèrèsé. Òkú tó dìde náà kò fi àdá nìkan pààyàn mọ́. Ó la ọkùnrin kan bí wọ́n ṣe ń la kòkó, ó fà á ya láàárín kó tó yọ inú rẹ̀. Ó so ìfun ìyàwó ọkùnrin náà mọ́ igi bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Inú wa dùn débi pé a ń gbá ara wa létí. Lẹ́yìn náà ni ó kan Akíntóyè: ó jókòó, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí a kò rí, bọ̀ọ̀lì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àdá dé. Ìyá rẹ̀ sì jáde wá nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọsàn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lé eṣinṣin, ọkùnrin alágbára kan níwájú mi fi fìlà bojú. Ọládélé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ bí a ṣe dákẹ́, ó sì jáde lọ dá rẹ́rìn-ín lábẹ́ òrùn. Kò purọ́. Fíìmù náà dára. Mo wí i nígbà náà, mo sì tún ń wí i: n kò tíì rí ẹkún bíi rẹ̀.

Akíntóyè di ẹni ńlá. Ọlọ́rùn Yíya ni wọ́n ń pè é ní gbogbo Àkúrẹ́. Ọlọ́kadà kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, á lọ sí Ọ̀kà, wọ́n á gbé àga àlejò fún un, wọ́n á sìn ín dé ojú títì. Ara rẹ̀ ń joro. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún Tìjání pé òun á tún fẹ́ kí ìyá òun gbá òun létí lẹ́ẹ̀kan, kí òun mọ̀ pé òun ni.

"O kò rí ibi tó dáa kú sí," ni Tìjání dá a lóhùn, ó sì ń bá aṣọ rẹ̀ lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, Monílọ́lá ṣèèṣì sọ nílé pé fíìmù náà ní ibì kan tí Akíntóyè ti ń jẹun, tó ń rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé kejì, Màmá Agnes wọ bọ́ọ̀sì wá sí Àkúrẹ́. Irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Tìjání kò gbowó rẹ̀. Ó gbé àga alátìlẹ́yìn kan síwájú fún un. Ó wo gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà bí ẹni ń wo òjò. Nígbà tó kan bọ̀ọ̀lì, ó tẹ̀ síwájú.

"Àlááji, ẹ dá a padà díẹ̀."

Bí ẹlòmíràn bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó fi èèpo ẹ̀pà sin ín láàyè. Kò sẹ́ni tó ju ẹyọ kan. Tìjání dá a padà.

Ó ń wá ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn náà. Ó mọ apá kejì ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Bí àlejò bá fọwọ́ bojú, á fọwọ́ tọ́ ọ, á ní, "Má bẹ̀rù, kò tíì kàn án. Ó ṣì máa jẹ bọ̀ọ̀lì." Bí ẹkún tirẹ̀ bá dé, á wolẹ̀, á máa tún ìró rẹ̀ ró.

Akíntóyè gbọ́. Ayọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó dé bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Yèyé ń wá wò mí! Gbogbo Sátidé! Ìbínú ti tán nínú wọn!" N kò ní ọkàn láti sọ ohun tí mo rò.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù Tìjání lọ́jọ́ Sátidé nínú ẹ̀wù funfun, ó gbé búrẹ́dì àti agolo mílíìkì dání. Bó ṣe fẹsẹ̀ wọlé ni gbogbo bẹ́ǹṣì hó: "Òkú dé! Ọlọ́rùn Yíya!" Ó kọjá sáàárín wa títí dé iwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbé orí àti àyà sókè kí ìyá náà lè rí ojú rẹ̀.

"Yèyé mi, ẹ dárí jì mí. Èmi nìyí. Ẹ pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbé bọ̀ọ̀lì sẹ́nu.

Màmá Agnes fi ọwọ́ méjèèjì mú apá àga. Ó na ọrùn sí ọ̀tún, ó na án sí òsì.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀," ló wí. "Ẹ dí mi lójú, n kò rí ọmọ mi."